Ilẹ̀kùn Tí Ohùn Kò Gbà Kọjá

Bẹ́ńṣì mẹ́rin ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà, ìjà ibẹ̀ sì tó márùn-ún. Bẹ́ńṣì kan jẹ́ ti àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan jẹ́ ti àwọn onímọ́ṣáláṣí, ọ̀kan jẹ́ ti àwọn olùkọ́, èyí tó kù sì jẹ́ ti àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n máa ń sùn. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́ ni kí wọ́n máa bójú tó ohun tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò ń kọ́ ọmọ nípa ẹ̀sìn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lókèèrè á rò pé iṣẹ́ jẹ́jẹ́ ni. Kó lọ jókòó tì wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé, kó wá gbọ́ bí àwọn àgbàlagbà tó ti bí ọmọ tó ti rí ọmọ-ọmọ ṣe ń jiyàn títí ilẹ̀ fi ń ṣú, lórí bóyá àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì ló yẹ kó ṣáájú àwòrán mọ́ṣáláṣí lára ògiri kíláàsì àbí òun ló yẹ kó kẹ́yìn.

Bẹ́ńṣì kọ̀ọ̀kan ní ohùn kan ṣoṣo. Bí èèyàn mẹ́wàá jókòó sórí rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ forí korí, kí ẹnì kan tó dìde sọ̀rọ̀ fún wọn. Àṣà kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ níbì kankan, tí gbogbo wọn sì bẹ̀rù rẹ̀ ju òfin lọ: bí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọ bẹ́ńṣì kan, bẹ́ńṣì yẹn ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àwọn yòókù kò sì gbọdọ̀ takò ó. Wọ́n ti bá ara wọn jà títí ó fi rẹ̀ wọ́n, kálukú sì ti mọ̀ pé bí òun bá da ti ẹnì kejì rú lónìí, wọ́n á da ti òun náà rú lọ́la. Àlàáfíà ni wọ́n ń pè é. Ó sì ń ṣiṣẹ́ bí àlàáfíà, àfi ìgbà tí kò bá ṣiṣẹ́.

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún bẹ́ńṣì àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ni káfíńtà kan tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Alàgbà. Alàgbà ni lóòótọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo àga ibẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Kì í mutí, kì í bú èèyàn, bó bá sì ní òun á gbé tábìlì yín wá ní Ọjọ́bọ̀, ẹ ti lè tẹ́ aṣọ sílẹ̀ dè é láti Ọjọ́rú. Àléébù tó ní ni pé bí nǹkan bá ti dá a lójú, kí ẹ lọ wá ẹlòmíràn bá sọ̀rọ̀, nítorí etí tirẹ̀ ti di.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọbìnrin náà bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo pẹ̀lú, bàbá ọmọ náà sì ti bá tirẹ̀ lọ kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n lójú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ ń gbé. Ilé búrẹ́dì ni ọmọbìnrin rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá ń tẹ́ ẹní, tí wọ́n sì ń parí nígbà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá ti jáde nílé. Nítorí náà, bàbá àgbà ló ń jí ọmọ, òun ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń mú un lọ sílé ẹ̀kọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ pátá ló sì wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ìyá ọmọ kì í bèèrè. Ó ní kí ni òun fẹ́ mọ̀ nípa ilé ẹ̀kọ́ tí bàbá òun kò mọ̀, ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀.

Abẹ́rẹ́ ni bàbá àgbà sọ ọmọ náà, nítorí pé ó kéré, ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì ń gúnni. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, á ní, "Bàbá àgbà, ṣé igi lẹ fi ayùn rẹ́ mọ́jú ni, àbí ẹ̀ ń hanrun?" Ikọ́ fée ń bá a jà láti kékeré. Bí eruku bá ti fẹ́ lù ú, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí á sì yọ ike oògùn tó ń fín sẹ́nu jáde nínú báàgì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bó bá ti fín in sẹ́nu, tó simi díẹ̀, ẹjọ́ á tún bẹ̀rẹ̀.

Alàgbà kò fẹ́ kó jókòó síbi ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn rárá. Oríṣiríṣi ẹ̀sìn ni wọ́n fi ń han àwọn ọmọ níbẹ̀: bí àwọn wọ̀nyí ṣe ń gbàdúrà, bí àwọn wọ̀nyẹn ṣe ń gbààwẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá fi ọ̀nà mẹ́ta han ọmọdé lẹ́ẹ̀kan náà ti sọ ọmọ náà nù. Òfin sì gba òbí láyè láti yọ ọmọ rẹ̀ kúrò. Nítorí náà, bí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn bá ti yá lọ́sẹ̀, Abẹ́rẹ́ àti àwọn ọmọ méjì mìíràn á mú ìwé kọ̀ọ̀kan dání, wọ́n á wọ yàrá kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì. Yàrá ẹrù ni, tí wọ́n ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí, àti àwòrán ilẹ̀ ayé tó ti ya, àti bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ ti jò lára rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ náà, tí àwọn ọmọ ń pè ní Àǹtí Tíṣà, máa ń ṣí ilẹ̀kùn àárín sílẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè máa tó wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Alàgbà jáde sẹ́yìnkùlé, ó bá Abẹ́rẹ́ nídìí agbada omi. Ọmọ náà fọ ọwọ́, ó fi omi yọ ẹnu, ó fà á símú díẹ̀, ó sín, ó wẹ apá dé ìgúnpá, ó fi ọwọ́ tútù ra orí, ó wá ń na ẹsẹ̀.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Àlùwàlá ni, bàbá àgbà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é kí wọ́n tó kírun. Àǹtí ló kọ́ wọn."

"Ṣebí o kì í sí níbẹ̀?"

"Mi ò sí níbẹ̀ lóòótọ́," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Etí mi ló wà níbẹ̀."

Ẹlòmíràn ì bá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Alàgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó da omi agbada náà nù, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìgbìmọ̀.

"Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu," ló bi wọ́n, "kí ló fi yàtọ̀ sí kí ọmọ jókòó sáàárín wọn? Ṣé a yọ ọmọ kúrò ni àbí a kàn yí àga rẹ̀ padà?"

Ó retí pé ìjà máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó dìde ni Bàbá Kẹ́míìsì, ẹni tó ń ta oògùn ní ojú títì, tó sì ń sọ̀rọ̀ fún bẹ́ńṣì àwọn onímọ́ṣáláṣí. Láti ọdún gbọọrọ ni òun àti Alàgbà ti ń takò ara wọn nínú gbọ̀ngàn yẹn, débi pé bí ọ̀kan bá ní òjò ń rọ̀, èkejì á kọ́kọ́ na ọwọ́ sójú fèrèsé kó tó gbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ohun tí Bàbá Kẹ́míìsì sọ ni pé, "Ọ̀rọ̀ Alàgbà tọ́. Ọmọ àbúrò mi wà nínú yàrá kan náà yẹn. Orin ṣọ́ọ̀ṣì ló fi ń fọ abọ́ nílé."

Báyìí ni wọ́n ṣe fẹnu kò pé kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn náà pa. Ìyá Alága, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń darí ìpàdé, bi wọ́n pé, bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, ta ló máa jókòó ti àwọn ọmọ? Ìbéèrè gidi nìyẹn, òun nìkan ló sì tọ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n bèèrè lọ́jọ́ náà. Wọ́n dárúkọ olùkọ́ kan, Alàgbà ní rárá, onímọ́ṣáláṣí nìyẹn. Wọ́n dárúkọ òmíràn, Bàbá Kẹ́míìsì mi orí, ó ní obìnrin yẹn wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá mẹ́nu bà, ẹ̀sìn kan ni yóò ṣáà jẹ́ tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí ẹni ẹ̀sìn kejì dá wà pẹ̀lú ọmọ òun nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Kí nǹkan lè dọ́gba, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó tì wọ́n. Ìwé ṣáà ni wọ́n fẹ́ kà. Kí ló máa ṣe àwọn ọmọ tó ń kàwé?

Kò tíì sí ìgbà kankan tí bẹ́ńṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹnu kò ní ìjókòó kan ṣoṣo rí. Inú wọn dùn, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ pàápàá jí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe Àǹtí Tíṣà, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé bí àwọn bá tún bá ilẹ̀kùn yẹn ní ṣíṣí lákòókò ẹ̀kọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ló fi ń ṣeré yẹn. Ó ní ó dáa. Kí ló tún máa sọ?

Bí ọ̀rọ̀ ì bá ti mọ níbẹ̀, bóyá. Ṣùgbọ́n Alàgbà kì í ṣe iṣẹ́ àṣetì. Ní Sátidé, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, bàbá tó ń ṣọ́ gétì ṣí ilé ẹ̀kọ́ fún un, ó lọ wo ilẹ̀kùn náà. Ó rí i pé àlàfo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ọ̀kan sì tún wà nísàlẹ̀ tí eku lè gbà kọjá. Ó gé fóòmù gbọọrọ gbọọrọ, ó kàn án mọ́ férémù yíká, lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì. Ó wá ní kí bàbá tó ń ṣọ́ gétì wọ inú yàrá lọ kó pariwo. Bàbá yẹn lóun pariwo títí ọ̀fun fi ń dun òun. Alàgbà tó dúró ní kíláàsì kò gbọ́ nǹkan kan. Ilẹ̀kùn náà wá le dìgbí, àfi kí àgbàlagbà fi ọwọ́ méjèèjì fà á kó tó ṣí. Ó kíyè sí i. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé fóòmù tuntun ni, á rọ̀ bó bá yá. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó ròyìn rẹ̀ fún ìgbìmọ̀, wọ́n yìn ín, Bàbá Kẹ́míìsì sì ní kí Ọlọ́run san án fún un.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ara ọ̀kan nínú àwọn ọmọ méjì yòókù kò yá, èkejì bá ìyá rẹ̀ rìnrìn àjò. Abẹ́rẹ́ nìkan ló wọ yàrá náà, òun àti ìwé rẹ̀ àti eruku. Báàgì rẹ̀ kọ́ sára ìkọ́ ní kíláàsì, nítorí ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n gbà kí àwọn ọmọ náà mú wọlé. Orin ni àwọn ọmọ kíláàsì ń kọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, Àǹtí Tíṣà lọ fa ilẹ̀kùn, kò ṣí. Ó fi ọwọ́ kejì kún un. Nígbà tó ṣí, ọmọ náà, tó ti fara ti ilẹ̀kùn látinú, ṣubú sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti fi èékánná ya fóòmù níbi tí ọwọ́ rẹ̀ tó.

Ìyá rẹ̀ sáré dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìyẹ̀fun iṣẹ́ òru tí kò tíì fọ̀ kúrò lápá. Wọ́n ti fi aṣọ bo ọmọ náà kó tó dé. Láti ọjọ́ náà, obìnrin náà kò sunkún bí àwọn èèyàn ṣe rò pé yóò sun. Kò jẹun ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé búrẹ́dì ń fi búrẹ́dì gbígbóná ránṣẹ́ sí i, búrẹ́dì ń gbẹ lórí tábìlì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́: "Bàámi, ta ló jókòó tì í?"

Alàgbà á ní, "Sinmi ná, ọmọ mi."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe tí Alàgbà fẹ́ràn jù nínú ìgbìmọ̀ nìyẹn. Kò fi í pòwe mọ́. Lójoojúmọ́ ló ń la ẹnu pé òun fẹ́ sọ fún ọmọ òun, lójoojúmọ́ ló sì ń pa á dé. Ará àdúgbò ti bá a dá ẹjọ́ náà: tíṣà ni. Tíṣà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ, ó ń kọrin. Ìjọba ìbílẹ̀ ní ẹnu ìgbìmọ̀ làwọn ń wò. Bí ìgbìmọ̀ bá ní Àǹtí Tíṣà jẹ̀bi, kò ní kọ́ ọmọ mọ́ láyé, ọ̀rọ̀ á sì dé kóòtù. Bí ìgbìmọ̀ bá ní àṣẹ ló tẹ̀ lé, ọ̀rọ̀ á yíjú padà sí àwọn tó pàṣẹ.

Nígbà tí ìpàdé ku ọ̀la, Àǹtí Tíṣà wá sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Alàgbà ń fi sánpépà fa pákó kan tó ti ń fà láti àárọ̀, pákó náà ti fẹ́ẹ́ tán sí i lọ́wọ́. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀fun igi.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Dìde."

"Ẹ jẹ́ kí n wà báyìí, sà. Kì í ṣe pé mo wá bẹ̀bẹ̀. Èmi ni mo wà nítòsí, ọmọ sì kú, ìyẹn ò lè kúrò lọ́rùn mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ kiri pé ìkà ni mo fi ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin lẹ ní kí n tì í. Bàbá gétì sì ti sọ ẹni tó kan fóòmù fún mi."

Ọwọ́ Alàgbà dúró lórí pákó.

"Mi ò ní sọ orúkọ ẹni tó kan fóòmù yẹn níwájú ìyá ọmọ, sà. Tí wọ́n bá bi mí, mi ò ní sọ ọ́. Ẹ̀yin ni bàbá ẹ̀. Tó bá máa gbọ́ ọ, ẹnu yín ló yẹ kó ti gbọ́ ọ."

Alàgbà wò ó. Ó rí i pé ọmọdé ni, ó kéré sí ọmọbìnrin òun dáadáa, ẹnu rẹ̀ sì ti gbẹ tó fi ń là. Ohun tó ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí ni kí wọ́n tú àṣírí òun. Ẹni tó lè tú u ló kúnlẹ̀ yìí, tó ń fi ọ̀wọ̀ gbé e padà fún un.

"Lọ sílé, ọmọ mi," ló wí. "Màá sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀ ẹ́ sọ̀rọ̀ lóòótọ́, sà?"

"Mo ní màá sọ̀rọ̀."

Ó dúpẹ́, ó gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò lára aṣọ, ó lọ. Ohun tí Alàgbà sọ sì ti inú rẹ̀ wá. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló fi ń to ọ̀rọ̀ náà pọ̀ lọ́kàn, bí èèyàn ṣe ń to pákó kó tó kan ìṣó kankan mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin rẹ̀ bá a lọ sípàdé. Kò wọ gbọ̀ngàn náà rí. Wọ́n gbé àga fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bí Alàgbà ṣe fẹ́ wọlé, Bàbá Kẹ́míìsì di ọwọ́ rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Alàgbà, ohun tí ẹ bá sọ ni tiwa o. Ti ilẹ̀kùn yẹn, kò sẹ́ni tó máa dárúkọ yín. A ti sọ ọ́ láàárín ara wa. Èyí tójú yín rí yìí ti tó ìyà."

Àánú ló fi sọ ọ́. Ẹ má rò pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Àwọn bẹ́ńṣì tó ti ń jà láti ọjọ́ tó ti pẹ́ forí korí lẹ́yìn Alàgbà, wọ́n fẹ́ fi aṣọ bo ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Wọn ò rántí wo ẹni tí aṣọ náà máa bọ́ lára rẹ̀.

Ìyá Alága pe Àǹtí Tíṣà síwájú. "Ìgbìmọ̀ yìí ní kí ohùn má kọjá," ló wí. "Ǹjẹ́ a ní kí ojú má kọjá? Kí ló dé tí o ò yọjú wo ọmọ náà?"

"Ẹ ní tẹ́ ẹ bá tún bá a ní ṣíṣí, mà…"

"Mo ní kí ló dé tí o ò yọjú."

"Ilẹ̀kùn yẹn le, mà. Kì í ṣe ohun téèyàn ń ṣí díẹ̀ kó yọjú. Wọ́n ti kan fóòmù mọ́ ọn yíká."

"Ta ló kàn án?"

Kì í ṣe Ìyá Alága ló bèèrè. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ohùn náà ti wá. Ìyá Abẹ́rẹ́ ti dìde dúró. "Ta ló kan fóòmù mọ́ ilẹ̀kùn ọmọ mi? Ẹ dákun, ẹ sọ fún mi."

Bàbá Kẹ́míìsì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìyá Alága yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Àǹtí Tíṣà yíjú sí Alàgbà, ó sì dúró dè é. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó dojú kọlẹ̀.

"Mo kàn bá a níbẹ̀ ni, mà," ló wí. "Mi ò lè sọ."

"O ò lè sọ." Ìyá Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín kan tí kò ṣeé gbọ́ sétí. "Kíláàsì tìẹ, ilẹ̀kùn tìẹ, ọmọ tèmi, o ò lè sọ."

Ó padà jókòó. Ìyá Alága fi gíláàsì rẹ̀ padà sójú. "Bẹ́ńṣì tó ni ọmọ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀," ló wí. "Alàgbà, à ń gbọ́ yín o."

Alàgbà dìde. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀. Èmi ni. Kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá ṣe àṣìṣe kan, ó wo ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà ń wò ó tojú-tojú, bí ẹni tí omi ń gbé lọ ṣe ń wo ẹni tó dúró sétí odò. Gbogbo àdúgbò ti sọ̀rọ̀ fún un kò gbọ́, bàbá rẹ̀ nìkan ṣoṣo ló ṣì ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Bí òun bá sọ ọ́, obìnrin náà kò ní ní ọmọ mọ́, kò sì ní ní bàbá. Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ìfẹ́ lorúkọ tó fún un. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí kò mọ orúkọ tí ẹ̀yin máa fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ni èmi ń pè é.

"Ẹni tí a fi ọmọ ṣọ́," ló wí, "kó ṣọ́ ọmọ. Kò yẹ kí ọmọbìnrin yìí tún dá dúró níwájú ọmọ kankan mọ́. Bẹ́ńṣì wa ti sọ tiwa."

Kò gba àkókò ju kí èèyàn kan ìṣó kan lọ. Bàbá Kẹ́míìsì dìde, kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni tàwọn. Bẹ́ńṣì àwọn olùkọ́, àwọn tó yẹ kó jẹ́ ará ilé Àǹtí Tíṣà, ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Níjọ́ náà, wọn ò tilẹ̀ dúnàá-dúrà.

Àǹtí Tíṣà kò pariwo. Ó mú báàgì rẹ̀ nílẹ̀, ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Alàgbà, ó dúró. Ọmọbìnrin Alàgbà ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Alàgbà sì mọ̀ pé gbólóhùn kan péré ló kù. Apá kan nínú rẹ̀ fẹ́ kó sọ ọ́, kí gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀ kí òun lè mí. Àǹtí Tíṣà kúnlẹ̀, bó ṣe yẹ kí ọmọdé kúnlẹ̀ fún àgbà.

"Ó dàárọ̀, sà," ló wí. Ó dìde, ó jáde.

Alàgbà ní lójú ọ̀nà ilé lòun á ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà ilé, ọmọbìnrin rẹ̀ fi ọwọ́ kọ́ ọ lápá, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge, ó sì gbé gbogbo ara lé e bí wọ́n ṣe ń lọ. Ó ní òun ti ń bẹ̀rù pé àwọn àgbàgbà á gbè sẹ́yìn ara wọn, wọ́n á bo ọ̀rọ̀ ọmọ òun mọ́lẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé bàbá òun lè dìde bẹ́ẹ̀ yẹn. Alàgbà ń gbọ́, ó ń gbé ẹsẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, obìnrin náà gbé omi kaná, ó po tíì, ó jókòó sídìí tábìlì. Ó fa búrẹ́dì ọjọ́ náà sún mọ́ra, ó bù ú, ó fi sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń jẹun, ó tún bu òmíràn. Omijé ń dà lójú rẹ̀ sínú tíì, kò sì dáwọ́ dúró. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi aṣọ bo ọmọ rẹ̀, oúnjẹ àkọ́kọ́ tó kan ọ̀fun rẹ̀ nìyẹn.

"Ọmọ mi," ni Alàgbà wí. "Ọ̀rọ̀ kan wà…"

Obìnrin náà na ọwọ́ kọjá tábìlì, ó dì í lẹ́nu mú pẹ̀lú ìka méjì, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń ṣe fún ọmọ rẹ̀.

"Ẹ má sọ nǹkan kan mọ́, bàámi. Ẹ ti sọ gbogbo ohun tó yẹ kẹ́ ẹ sọ. Ẹ ṣé. Ẹ ṣé é fún mi."

Ó ya búrẹ́dì tó kù sí méjì, ó gbé ìdajì síwájú rẹ̀. "Ẹ jẹun," ló wí. "Ẹ̀yin náà ò tíì jẹun."

Alàgbà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán.